Ọ̀rọ̀ Ara Ògiri àti Àáró Ràfíátù

Orúnkún mi ló mọ ìtàn yìí jù mí lọ. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń wá bi mí bóyá kí ẹ ṣe iṣẹ́ olùkọ́ tàbí kí ẹ má ṣe é, ẹ kọ́kọ́ wo bí mo ṣe ń dìde lórí àga ná. Ẹni tó bá fi ìgbà èwe rẹ̀ dúró síwájú pátákó, tó ń fa eruku ṣọ́ọ̀kì símú, kò lè máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lọ́jọ́ alẹ́. Ó ti rẹ̀ mí, kì í sì í ṣe irú rírẹ̀ tí oorun ń wò sàn. Àmọ́ ẹ ti wá, ẹ sì kí mi dáadáa. Ẹ jókòó.

Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ kò gùn. Mo jáde ilé-ẹ̀kọ́ módà, ọlọ́dún mẹ́ta tí à ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, èsì mi dára díẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ módà kan lójú ọ̀nà Ìlobù sí Ìfọ́n ń wá ẹni tó máa ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n máa bọ̀. Ìparí àwọn ọdún 1960 nìyẹn. Owó oṣù kéré, kì í sì í tètè dé. Ẹ jẹ́ ká fo ìyẹn, nítorí tí mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, inú á tún bí mi.

Ẹni tó yẹ kí ẹ gbọ́ nípa rẹ̀ ni Ọ̀gá Lámídì, ọ̀gá àgbà wa. Ọmọ Ẹ̀rìn ni. Kẹ̀kẹ́ ló ń gùn wá láràárọ̀, òjò ò dá a dúró rí, mi ò sì rí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ láàárín ọgbà ilé-ẹ̀kọ́. Mo rò pé tí mo bá ti dé, wọ́n á fún mi ní kíláàsì. Rárá o. Odindi táàmù kan ni Ọ̀gá Lámídì fi ní kí n máa jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àwọn ọmọ, láti kíláàsì ìṣirò dé ti sáyẹ́ǹsì, láti ti jọ́gíráfì dé ti ìtàn. Àwọn ọmọ ń yínmú sí mi. Àwọn kan lára wọn ga jù mí lọ.

Lọ́jọ́ kan mo lọ bá a ní ọ́fíìsì. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni?"

Kò gbé ojú sókè. "Sàúdá, kí ló ń pa àwọn ọmọ yìí nínú ìdánwò?"

Mo ní Gẹ̀ẹ́sì ni, pé àwọn ọ̀rọ̀ gígùn-gígùn inú ẹ̀ ń dà wọ́n láàmú.

"Irọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn, wọ́n mọ̀ pé àwọn ò mọ̀ ọ́n, wọ́n á béèrè. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí wọ́n rò pé àwọn ti mọ̀ láti kíláàsì kìn-ín-ní ni. Padà lọ jókòó."

Mo padà lọ, mo ń bínú, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun tó ń wí. 'Table' ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Kò sí ọmọ tí kò mọ tábìlì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ìṣirò wọlé, ó ní kí wọ́n lọ kọ́ 'table' sórí, olùkọ́ sáyẹ́ǹsì náà wọlé, ó ní kí wọ́n to ohun tí wọ́n rí sínú 'table'. 'Root' tún ńkọ́? Gbòǹgbò igi ni lọ́dọ̀ olùkọ́ iṣẹ́ oko. Tó bá di ti ìṣirò, wọ́n á ní kí o wá 'root' nọ́ńbà kan, ọmọkùnrin kan sì bi mí ní gbangba bóyá ńṣe làwọn máa wú u. 'Scale' wà lára ẹja, ó wà lórí àtẹ ẹlẹ́ran, ó tún wà nísàlẹ̀ máàpù. 'Capital' lọ́dọ̀ olùkọ́ jọ́gíráfì jẹ́ olú-ìlú, lọ́dọ̀ oníṣòwò ó jẹ́ owó tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọjà, lọ́dọ̀ olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ó jẹ́ lẹ́tà ńlá. Ọmọ á mọ iṣẹ́ náà dáadáa, á sì jókòó sínú gbọ̀ngàn ìdánwò máa wo ìbéèrè bí ẹni tó ṣìnà.

Nítorí náà ni Ọ̀gá Lámídì ṣe ní ìpàdé kan tí mi ò rí irú rẹ̀ níbòmíràn mọ́. Gbogbo Ọjọ́bọ̀, tí àwọn ọmọ bá ti lọ, olùkọ́ kọ̀ọ̀kan á kó àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó fẹ́ lò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ wá. A máa jiyàn lórí wọn títí ọ̀nà ọ̀fun wa á fi gbẹ. Tí a bá ti fẹnu kò, Ọ̀gá fúnra rẹ̀ á gbé ẹfun, á kọ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sára ògiri kíláàsì kẹta, á sì kọ iṣẹ́ tó ń ṣe lábẹ́ ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ìṣirò bá mú wá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ti jọ́gíráfì, sáyẹ́ǹsì àti ìtàn wà níhà fèrèsé. Kò pẹ́ tí ògiri amọ̀ yẹn fi funfun.

Òfin kan wà: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dà á kọ sínú ìwé. Èmi gbójú, mo ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé iṣẹ́ mi. Ó rí mi. Ó fa ojú ewé náà ya, ó fi sápò, ó sì ní kí n dìde níwájú àwọn ọmọ, kí n kọ ẹ̀yìn sí ògiri, kí n ka gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀. Mo dé ìdajì, mo há. "Tí o bá kọ ọ́ síbẹ̀," ó ní, "ibẹ̀ ló máa wà." Ojú tì mí débi pé mo sunkún délé. Mo sọ fún ìyá mi pé mi ò lọ mọ́. Ìyá mi ní kí n bọ́jú, pé iṣẹ́ ń bẹ lọ́la.

Ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò ronú sí. Ọ̀gá Lámídì ló yan ibi tí àwọn ọmọ ń jókòó sí. Àwọn tó ń ti Ìfọ́n rìn wá máa ń dé pẹ̀lú ìrì lẹ́sẹ̀, ó fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kí wọ́n má baà tẹ ẹrẹ̀ ká gbogbo yàrá. Àwọn ọmọ Ìlobù wà níhà fèrèsé. Ó bọ́gbọ́n mu lójú gbogbo wa.

Ràfíátù wà lórí bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ Ìfọ́n ni, ó ga, kì í tètè fọhùn, ṣùgbọ́n tó bá fọhùn tán, kò sí ohun tí o fẹ́ fi kún un. Ó ń wá bóun ṣe máa wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn tíṣà. Bàbá rẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ oníṣu, oko rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mò ń gbà lọ síbi iṣẹ́. Àbúrò bàbá yìí obìnrin ń ta aṣọ ní Jọ́ọ̀sì, ó sì ti ń bẹ̀ ẹ́ tipẹ́ pé kó yọ̀ǹda Ràfíátù fún òun. Bàbá náà fúnra rẹ̀ ló ṣàlàyé fún mi lọ́jọ́ tí mo yà kí i lóko.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

"Ọ̀ọ́, Tíṣà. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọ̀gá yín ńkọ́?"

"Àlàáfíà ni wọ́n wà, Bàbá. Ọ̀rọ̀ Ràfíátù ni mo bá wá."

"Mo ti mọ̀." Ó fara ti ọkọ́ rẹ̀. "Èmi ò kọ̀wé, mi ò sì sọ pé ìwé ò dáa. Tó bá jáde, tí kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn gbà á, kó máa lọ, màá wá nǹkan ṣe sí i. Tí wọn ò bá gbà á, kó tẹ̀ lé àbúrò mi. Mi ò lè ní ọmọ tó dàgbà kó jókòó sílé máa wojú mi. Ṣé mo ṣìwí ni?"

Kò ṣìwí. Mo dúpẹ́, mo sì ń bá ọ̀nà mi lọ.

Òjò ìparí ọdún yẹn ló bà wá jẹ́. Ọ̀sán ni, àwọn ọmọ ti lọ. Atẹ́gùn ṣí páánù orí kíláàsì kẹta bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìdérí ìkòkò, òjò sì ń dà sára ògiri. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, Ọ̀gá Lámídì ti kó ẹní méjì, ó ti wọlé, ó fẹ́ fi bo àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń pariwo, "Ọ̀gá, ẹ jáde! Ẹ bá mi jáde, ẹ jọ̀ọ́!" Ìhà fèrèsé ya lulẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ tó sá òjò sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ló bá mi wú amọ̀ kúrò lórí rẹ̀, tí wọ́n gbé e sínú lọ́rì lọ sí Òṣogbo. Nígbà tílẹ̀ fi máa mọ́, ìhà ẹnu ọ̀nà náà ti yọ́. Ẹfun ti ṣàn sínú ẹrẹ̀, ilẹ̀ funfun bí omi ògì. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì tútù, mo sunkún bí ọmọ kékeré. Ìdánwò ìwọlé kọ́lẹ́ẹ̀jì kò jìnnà mọ́.

Mo lọ wò ó nílé ìwòsàn. Wọ́n ti di ẹsẹ̀ náà gbagidi, wọ́n so ó rọ̀ sókè. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ní, "Ọ̀gá, gbogbo rẹ̀ ti lọ. Ẹ ò jẹ́ ká kọ ọ́ síbì kankan."

"Ògiri ló wó. Ṣé àwọn ọmọ náà wó ni? Lọ bi wọ́n."

Inú bí mi sí i. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ fọ́ ṣì ń pàṣẹ! Ṣùgbọ́n mo lọ bi wọ́n, lábẹ́ igi máńgòrò, nítorí kò sí yàrá mọ́. Ibẹ̀ ni ohun tí a kò ronú sí ti hàn. Àwọn ọmọ Ìfọ́n ka ti ìṣirò láìtàsé, 'table', 'root', 'power', 'product', ibi tí ojú wọn ń wò lójoojúmọ́. Mo béèrè 'scale' àti 'bank', wọ́n dákẹ́. Àwọn ọmọ Ìlobù ka ìhà fèrèsé bí ẹni ń mu omi, wọ́n dé 'power', wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn. Ìdajì ògiri wà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Mo wo Ràfíátù, mo rí i pé òun náà ti mọ̀.

Ká ní gbogbo wọn lè máa pé jọ ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Ṣùgbọ́n ìgbà ebè ti dé, ilé-ẹ̀kọ́ ò sì lórùlé. Àwọn òbí ń kó ọmọ wọn lọ sóko, ta ló máa dá wọn lẹ́bi? Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìdajì kíláàsì ni mo rí, lẹ́yìn ìyẹn, díẹ̀ báyìí.

Ràfíátù ló dá a lábàá. "Tíṣà, tí wọn ò bá lè wá bá wa, ẹ jẹ́ ká lọ bá wọn. Ẹ jẹ́ ká dá àáró."

Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ àáró mọ́, ìmùlẹ̀ iṣẹ́ oko ni. Gbogbo ẹgbẹ́ á ṣiṣẹ́ lóko tèmi lónìí, ní oko tìrẹ lọ́la, títí á fi kan gbogbo yín. Ẹni tí wọ́n bá bá ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ sá nígbà tó bá kan ti ẹlòmíràn. Mo lọ láti ilé dé ilé, mo ń kúnlẹ̀, mo ń bẹ àwọn òbí. Wọ́n gbà, nítorí iṣẹ́ náà ń wù wọ́n ju ìwé lọ. Bàbá Ràfíátù ló le jù, nítorí náà la ṣe fi oko rẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. Àwọn ọmọkùnrin ń kọ ebè, àwọn ọmọbìnrin ń fi koríko bo orí rẹ̀. Ọmọkùnrin Ìlobù tó bá kọ ebè tán á pe ọ̀rọ̀ kan. Ọmọbìnrin Ìfọ́n tó ń bò ó gbọ́dọ̀ sọ iṣẹ́ ọ̀rọ̀ náà nínú ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kó tó fi ògúlùtu tẹ koríko náà mọ́lẹ̀. Tí kò bá mọ̀ ọ́n, ẹni tó pè é á kọ́ ọ, wọn ò sì ní kúrò nídìí ebè yẹn títí á fi jáde lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà òun náà á pe tirẹ̀ padà. Gbogbo oko ń dún. Bàbá Ràfíátù wà nínú poro tirẹ̀, ó ń kọ ebè, kò dá sí wa. Mo rò pé ariwo ni gbogbo rẹ̀ létí rẹ̀.

Apá mi wú. Ẹ̀yìn ń dùn mí. A ti oko kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n ìdánwò dé kí a tó dé ìdajì àwọn oko náà.

Èsì jáde. Wọ́n gba àwọn kan lára àwọn ọmọ Ìlobù, wọ́n gba ọmọ Ìfọ́n kan. Wọn ò gba Ràfíátù.

Àbúrò bàbá rẹ̀ ti wá láti Jọ́ọ̀sì nígbà tí mo dé ilé wọn. Ẹrù Ràfíátù wà lẹ́nu ọ̀nà, dídì. Ọmọ náà jókòó tì í, kò sunkún, ojú rẹ̀ kàn gbẹ. Mo kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Ó ti sọ tirẹ̀ ṣáájú, mo sì ti gbà pé kò ṣìwí.

"Bọ̀ọ̀dá mi," àbúrò rẹ̀ ní, "mọ́tò máa tó kún o. Ẹ ṣàdúà fún wa ká máa lọ."

Bàbá náà ń fi ọwọ́ yí tẹ̀súbáà rẹ̀. "Kò lè lọ."

"Ẹ gbà mí o! Kí ló tún dé? Ṣebí wọn ò gbà á?"

"Wọn ò gbà á. Àmọ́ àwọn ọmọ yẹn kọ ebè fún mi. Oko tiwọn kò tíì kàn án tán. Ṣé láti Jọ́ọ̀sì ló ti máa wá san àáró ni?"

"Ẹ rán Láṣísì, ọmọkùnrin yín. Àbí apá ọmọbìnrin le ju ti Láṣísì lọ?"

"Kì í ṣe Láṣísì ló bá wọn dá a. Òun ló ṣe àlùkàwàní, òun ló ṣèlérí. Kó dúró kó san án. Tó bá san án tán, a óò tún sọ̀rọ̀." Ó wá yíjú sí mi. "Tíṣà, ẹ dìde nílẹ̀. Tó bá sì ti máa dúró náà, kì í ṣe inú ilé ló máa jókòó sí. Ṣé ẹ gbọ́ mi?"

Mo gbọ́ ọ. Mo dìde. Bàbá yẹn ní ọmọkùnrin tó lè fi ọjọ́ kan ṣe ohun tí Ràfíátù máa fi ọ̀sẹ̀ kan ṣe. Gbogbo wa tó wà nínú ilé yẹn ló mọ̀, àbúrò rẹ̀ náà mọ̀, ó sì bínú lọ síbi mọ́tò. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ràn ọkùnrin yẹn.

Ràfíátù tún kíláàsì kẹta ṣe. Títí ọdún fi yí po, kò sí oko tó kù tí kò dé. Nígbà tí Ọ̀gá Lámídì padà dé pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, ògiri bíríkì ni wọ́n ti kọ́, wọ́n kùn ún lọ́dà, wọ́n sì kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ kọ nǹkan sára rẹ̀. Ọ̀gá fọwọ́ pa á wò. Nígbà tí ìgbà ebè tún dé, ó tiro tẹ̀ lé wa lọ sóko. Lọ́dún yẹn wọ́n gba Ràfíátù.

Ìyókù iṣẹ́ mi, gbogbo yín lẹ lè sọ ọ́ fún mi. Wọ́n pa ilé-ẹ̀kọ́ módà rẹ́, wọ́n gbé mi lọ síbòmíràn, èmi náà lọ gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn ìwé tí wọ́n to àwọn ọ̀rọ̀ náà sí dé, lẹ́yìn wọn ẹ̀rọ tó ń da ìwé kọ, lẹ́yìn ìyẹn fóònù yín yìí. Ìpàdé Ọjọ́bọ̀ di ìpàdé tí wọ́n ti ń ka ìkéde. Mo bá wọn jà díẹ̀, ó rẹ̀ mí, mo jókòó. A sin Ọ̀gá Lámídì sí Ẹ̀rìn, mo sì sunkún fún ẹni tó ya ìwé mi. Ràfíátù ṣe tíṣà títí òun náà fi fẹ̀yìn tì, ó sì sọ fún mi láìpẹ́ yìí pé orúnkún òun náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n mo ti sáré kọjá ohun kan, òun ni mo sì ń rántí tí ẹ bá bi mí bóyá iṣẹ́ náà dáa. Ìgbà ebè tó tẹ̀ lé lílọ Ràfíátù sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni. Mò ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹsẹ̀ ń dùn mí, mo ti ń rò ó pé kí n fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan nínú oko lẹ́bàá ọ̀nà. Mo dúró.

Bàbá Ràfíátù ni. Òun nìkan ló wà lóko. Ó kọ ebè kan tán, ó fa koríko, ó fi bò ó.

"Rúùtù," ó ní. "Ti igi. Ti ìṣirò." Ó fi ògúlùtu tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó bọ́ sí èkejì. Nígbà tó parí ìyẹn náà: "Sikéèlì. Ti ẹja. Ti ẹlẹ́ran. Ti máàpù."

Mo kúnlẹ̀ sí ẹ̀bá ọ̀nà, mo kí i. Kò tijú rárá. Ó nu òógùn ojú.

"Tíṣà, ó ti mọ́ mi lára ni. Tí mi ò bá pè wọ́n, ńṣe ló ń dà bíi pé ọmọ náà jìnnà jù." Ó wo ebè tó wà níwájú rẹ̀. "Lẹ́yìn sikéèlì, èwo ló kàn? Mo máa ń gbàgbé ibẹ̀."

"'Bank' ni, Bàbá."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Báńkì. Ti owó." Ó gbé ọkọ́ sókè, ó dúró, ó ń ronú. "Ti etí odò."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń kọ ebè rẹ̀ lọ. Mo gbé àpò mi, mo sì ń pe èyí tó kàn sókè fún un bí mo ṣe ń lọ lójú ọ̀nà, títí mi ò fi gbọ́ ìró ọkọ́ rẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kejì mo jí, mo lọ síbi iṣẹ́.